Ojú dúdú, páànù funfun: bí mo ṣe bọ́ nínú wàhálà fíìmù mi

HP5 Plus, fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun, ni mò ń lò, kẹ́míkà ìfọfíìmù tí wọ́n ń pè ní ID-11 ni mo fi ń fọ̀ ọ́, 1+1, ìyẹn kẹ́míkà ìdajì, omi ìdajì. Tí mo bá ya àwọn bàbá tó jókòó síbòòji l'Ọ́jàa'ba, ojú wọn á kàn ṣókùnkùn lábẹ́ fìlà, páànù ẹ̀yìn wọn á sì funfun báláú. Gbé nẹ́gátíìfù yẹn síná, ibi ojú mọ́ gaara, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Mo kọ́kọ́ fi kún ìṣẹ́jú tí mo fi ń fọ̀ ọ́, páànù ló tún le sí i, ó funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo dín in kù láìfọwọ́ kan kámẹ́rà, gbogbo ẹ̀ bá rẹ̀ wálẹ̀.

Ohun tó wá ṣiṣẹ́ nìyí: mo gbé ISO kámẹ́rà, nọ́ńbà tó ń sọ bí fíìmù ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ tó, sí 200 dípò 400 tó wà lára páálí kí ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé lè pọ̀ sí i, torí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò bá dé, kẹ́míkà kankan ò lè dá nǹkan síbẹ̀, mo wá dín ìṣẹ́jú kù láti 13 sí 10 ní 20°C kí páànù má baà le jù. 20°C yẹn gan-an ni iṣẹ́ o, omi ẹ̀rọ Ìbàdàn gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ni mo bá kó píọ̀ wọ́tà tó ti dì sínú abọ́ ńlá, mo gbé ìgò kẹ́míkà sáàárín ẹ̀, mo ki tẹmọ́mítà bọ̀ ọ́ títí tó fi walẹ̀. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, mò ń dojú táǹkì tí fíìmù àti kẹ́míkà wà nínú ẹ̀ dé lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín sẹ́kọ́ńdì 10.

Ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá ti ń hàn báyìí, kódà ìpẹtà ara páànù náà hàn. Oòrùn gangan ni mo fi dán an wò ṣá. Tójú ọjọ́ bá ṣú, ẹ má dín ìṣẹ́jú yẹn kù, á rẹ̀ jù. Tó bá jẹ́ fíìmù míì lẹ ní, ẹ kọ́kọ́ fi èyí tí ò ká yín lára dán an wò.