Bí Mo Ṣe Wo Gbèsè àti Owó Oṣù Pọ̀ Kí Ọmọ Mi Tó Lọ Kẹ́kọ̀ọ́ Liberal Arts

Nígbà tí ọmọbìnrin mi ń parí iléèwé girama ní Prince George's County, ní ìpínlẹ̀ Maryland, ó sọ fún èmi àti ìyá rẹ̀ pé ẹ̀kọ́ liberal arts ni òun fẹ́ ṣe, ìyẹn ìtàn, lítíréṣọ̀, ìmọ̀ ọgbọ́n orí àti ìmọ̀ àwùjọ. Ó ní òun yóò lo ọdún méjì ní community college, ìyẹn kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí ọdún méjì, lẹ́yìn náà òun yóò kọjá sí yunifásítì láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, kí òun lè di olùkọ́. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, béèrè irú iṣẹ́ tí ìwé ẹ̀rí ọdún méjì bẹ́ẹ̀ lè gbà fúnni. Ìbéèrè náà tọ́, mo sì ní kí wọ́n fún mi láyè láti ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa.

Orí owó iléèwé ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Iye tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ síta kọ́ ni ìdílé máa ń san. Ẹni tó ń gbé inú county (irú ìjọba ìbílẹ̀) tí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wà ni owó rẹ̀ kéré jù, ará county mìíràn ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti ẹni tó wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn ló sì wọ́n jù. A kọ́wọ́ sí FAFSA, fọ́ọ̀mù tí a fi ń béèrè ìrànwọ́ owó iléèwé lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, kíákíá, nítorí pé láìsí i, kò sí Pell Grant, owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ tí a kì í dá padà. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025, 7,395 dọ́là ni ó pọ̀ jù tí Pell lè jẹ́, bí owó tó ń wọlé fún ìdílé bá sì ṣe ń pọ̀ ni ó ń dín kù. Ohun tí wọ́n fún wa kò tó iye yẹn, ṣùgbọ́n ó bo èyí tó pọ̀ jù nínú owó iléèwé. Ìwé, ọkọ̀ àti oúnjẹ ló ṣẹ́ kù, ibẹ̀ gan-an ni mo sì rò pé ó yẹ kí àwọn òbí wa ṣọ́ra sí jù lọ, nítorí pé nǹkan wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń tìtorí rẹ̀ yáwó níbi tí owó iléèwé fúnra rẹ̀ kò ti pọ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo wo gbèsè. Ìjọba àpapọ̀ gbà kí ọmọ tó ṣì wà lábẹ́ òbí yá 5,500 dọ́là ní ọdún àkọ́kọ́ àti 6,500 ní ọdún kejì, ìyẹn 12,000 lápapọ̀. Nínú rẹ̀, 8,000 lè jẹ́ irú èyí tí ìjọba ń bá ọmọ gbé èlé rẹ̀ títí yóò fi jáde. Ti owó ìyókù, èlé rẹ̀ ń kó jọ sí ọmọ lọ́rùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti san owó náà. Ìdá 6.53 nínú ọgọ́rùn-ún ni èlé ọdún náà. Bí ó bá yá gbogbo 12,000 ní iye èlé yìí, tí ó sì fi ọdún mẹ́wàá san án, nǹkan bí 136 dọ́là ni yóò máa san lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì lé ní 16,000.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù ló gbà mí lákòókò jù. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Bureau of Labor Statistics, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìṣirò ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti owó oṣù, fún ọdún 2023, òṣìṣẹ́ tó ní ìwé girama nìkan ń gba 899 dọ́là lọ́sẹ̀, ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí associate (ti ọdún méjì) ń gba 1,058, ẹni tó ní bachelor (ìwé ẹ̀rí yunifásítì ti ọdún mẹ́rin) sì ń gba 1,493. Iye àárín ni wọ́n: ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ náà ń gbà jù bẹ́ẹ̀, ìdajì kò sì gbà tó bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín girama àti associate jẹ́ 159 dọ́là lọ́sẹ̀, èyí tó lé ní 8,000 lọ́dún kí a tó yọ owó orí. Lójú ìwé, gbèsè 136 lóṣù kò ní wúwo fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo associate ni wọ́n pa pọ̀ nínú 1,058 yẹn, àti ti nọ́ọ̀sì, àti ti àwọn tó ń ya fọ́tò egungun ní ọsibítù, àti ti liberal arts.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ sí College Scorecard, ìkànnì ayélujára níbi tí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà ti ń to owó oṣù àti gbèsè sílẹ̀ ní ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan. Kò sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nínú àwọn tí mo wò tí owó liberal arts ti sún mọ́ ti nọ́ọ̀sì. Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ rí i, mo sọ bẹ́ẹ̀." Ṣùgbọ́n mo ka àlàyé tó wà lábẹ́ iye náà. Àwọn tó gba ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan ni wọ́n kà. Gbèsè tí wọ́n kọ sì jẹ́ ti àwọn tó yáwó nìkan, nítorí náà ẹni tí kò yá kọ́bọ̀ kò sí níbẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́, tí wọn kò sí níléèwé mọ́, ni wọ́n ń ka owó oṣù wọn. Ẹni tó ti kọjá sí yunifásítì tó sì ń kàwé lọ́wọ́ kò sí nínú rẹ̀. Iye tó kéré tí a rí, owó àwọn tó dúró sórí ìwé ẹ̀rí náà ni. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn wọkọ̀ Ìbàdàn ní Èkó, tó sì sọ̀ ní Ṣàgámù.

Láti ìgbà náà, ìbéèrè mi yí padà sí bóyá ọmọ mi yóò kọjá lóòótọ́. Èsì rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ mi. Ìwádìí tí Community College Research Center ní Columbia University bá àwọn mìíràn ṣe, tó jáde ní 2024, fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní community college, nǹkan bí mẹ́rìndínlógún péré ló gba bachelor láàárín ọdún mẹ́fà. Ọ̀kan nínú ohun tó ń dá wọn dúró ni kírẹ́díìtì, ìyẹn òṣùwọ̀n tí a fi ń ka kọ́ọ̀sì tí ọmọ ti ṣe. Yunifásítì lè gba gbogbo kọ́ọ̀sì ọmọ, kó sì ka púpọ̀ nínú wọn sí àfikún lásán, kó má sí lára ohun tí ẹ̀kọ́ tó fẹ́ ṣe béèrè, kí ọmọ sì tún wá sanwó fún òmíràn. Ẹni tó yáwó tí kò sì parí ló sì wà nínú ewu jù: gbèsè rẹ̀ lè má pọ̀, ṣùgbọ́n kò ní ìwé ẹ̀rí tí yóò fi wá owó tí yóò san án, bí ó bá sì lo 270 ọjọ́ láìsan nǹkan kan, ìjọba yóò kà á sí ẹni tó kọ̀ láti san.

Èmi àti ọmọ náà jókòó sídìí ARTSYS, ètò tí Maryland ń lò láti fi bí kọ́ọ̀sì community college ṣe ń wọ yunifásítì kọ̀ọ̀kan hàn. Ó kọ́kọ́ mú yunifásítì méjì tó wù ú, a sì wo ohun tí ẹ̀kọ́ ìtàn béèrè níbẹ̀ kí a tó yan kọ́ọ̀sì kankan. Kírẹ́díìtì 60 ni associate, 120 sì ni bachelor. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí gbogbo 60 náà wúlò. Nígbà tí a tò ó tán, a rí i pé díẹ̀ nínú kọ́ọ̀sì tí ó fẹ́ràn kò ní wọ ẹ̀kọ́ ìtàn. Ó ní, "Dádì, mo ṣì fẹ́ ṣe ọ̀kan nínú wọn." Mo gbà fún un, nítorí pé ọ̀kan kò lè ba ètò náà jẹ́.

Ìyá rẹ̀ gbà nígbà tó rí ìwé tí a kọ. Ọmọ náà yóò máa gbé ilé, yóò máa ṣiṣẹ́ wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀, kò sì ní yáwó ní ọdún àkọ́kọ́. Bí ó bá di dandan ní ọdún kejì, èyí tí ìjọba ń gbé èlé rẹ̀ nìkan ni yóò fọwọ́ sí, nítorí pé gbogbo ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè yá títí dé bachelor kò gbọdọ̀ ju 31,000 dọ́là lọ, ọdún méjì tó kẹ́yìn ni yóò sì nílò rẹ̀ jù. Tí ó bá ti ní kírẹ́díìtì 30, a ó mú àkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé ní yunifásítì méjèèjì, kí wọ́n sọ èyí tí wọn yóò kà fún un, a ó sì fi ìdáhùn wọn yan kọ́ọ̀sì ọdún kejì.