Bí A Ṣe Ń Ka Òkun Nínú Ìtàn Obìnrin Tó Ń Wá Ara Rẹ̀

Bí òkun bá ń yọjú léraléra nínú ìtàn àròsọ nípa obìnrin, ẹ má ṣe kánjú sọ pé òmìnira ló dúró fún. Àrokò ni òkun nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ẹni tí yóò sì tú àrokò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo gbogbo ohun tí wọ́n so mọ́ ọn. Ẹ sàmì sí gbogbo ibi tí omi ti jẹ yọ nínú ìwé náà kí ẹ tó túmọ̀ ẹyọ kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tí ara obìnrin náà ń ṣe níbẹ̀: ṣé ó kàn jókòó sétíkun tó ń gbọ́ ìró ìgbì ni, àbí ó ti ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kanlẹ̀? Ìbéèrè yìí ni mo kà sí pàtàkì jù lọ, nítorí ara a máa mọ ohun tí ẹnu kò tíì lè sọ. Nínú ìwé ìtàn àròsọ The Awakening, tí Kate Chopin, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní 1899, Edna Pontellier, obìnrin tí ìtàn náà dá lé, fi gbogbo ìgbà ooru kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ní erékùṣù Grand Isle, ní Louisiana, ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù máa ń bà á bí kò bá sí ẹni tí yóò di òun mú nítòsí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ní orí 10, ó dá lúwẹ̀ẹ́, ayọ̀ sì kún inú rẹ̀ débi pé ó fẹ́ dé ibi tí obìnrin kankan kò tíì dé rí. Bó ti wẹ̀yìn wò, ẹ̀rù ikú bò ó. Nígbà tó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ìbá ti ṣègbé, ọkọ ní kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀, òun ń wò ó. Ẹ ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀nà tó jìn fún ẹni tó wà nínú omi kò jìn rárá lójú ẹni tó wà lórí ilẹ̀.

Ẹ wá ohun tí òkun ń rán an létí pẹ̀lú. Edna rántí pápá koríko kan ní Kentucky, níbi tó ti ń na apá bí ẹni ń lúwẹ̀ẹ́ nígbà èwe rẹ̀. Ìrántí yìí sì tún padà wá ní ojú ìwé tó kẹ́yìn.

Bí ìtàn bá parí sínú omi, bí ti Edna ti parí, àwọn kan yóò pè é ní ìṣẹ́gun, àwọn mìíràn yóò pè é ní ìjákulẹ̀. Ẹ kọ èrò méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ sì fi gbólóhùn inú ìwé náà gan-an ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn. Èyí tí kò bá rí gbólóhùn kankan, ẹ pa á rẹ́.