Bí mo ṣe gbé ìyàwó mi gun òkè Blue Ridge lórí bike

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá gun bike mi kiri níbí ní North Carolina, ṣùgbọ́n kí n gbé èèyàn sẹ́yìn kí n wá gba ojú ọ̀nà òkè, October 2023 ni mo kọ́kọ́ ṣe é, ìyàwó mi ni mo sì gbé. Blue Ridge Parkway la gbà. Máìlì 469 ni gbogbo ẹ̀, láti Virginia títí dé Cherokee, ọdún 1935 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là á, 1987 ni wọ́n tó parí ẹ̀. Tírélà ò gbọdọ̀ gba ibẹ̀, ilé epo ò sí lórí ẹ̀ rárá, wọn ò sì ń gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Apá Asheville sí Cherokee la mú, nǹkan bíi máìlì 75, mo sì rọ epo kún táǹkì dẹ́nu ká tó gorí ẹ̀.

Ìbàdàn ni ìyàwó mi dàgbà sí, ó ti gun ọ̀kadà àìmọye ìgbà, nígbà tí mo wá ní kó jókòó kí n ṣàlàyé fún un ó ní, "Daddy, ṣé èmi náà ò jókòó lẹ́yìn ọ̀kadà rí ni?" Mo ní o ti jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n Dugbẹ̀ sí Mọ́kọ́lá ò ní irú kọ́nà tá a fẹ́ lọ bá yìí. Lórí ọ̀kadà èèyàn á kàn jókòó gán-n-gán, á di irin ẹ̀yìn mú, tí bike bá tẹ̀ díẹ̀ báyìí ara á ti sá lọ sí apá kejì. Ìyẹn gan-an ni ò dáa lórí òkè.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú mo fẹ́ tááyà sí iye tí ìwé bike sọ pé ká fẹ́ ẹ sí téèyàn méjì bá máa gùn ún, mo sì fún shock ẹ̀yìn le. Ẹ má fo èyí o. Tí ẹ̀yìn bá rọ̀ jù, iwájú á fúyẹ́, iná á máa tàn sókè, ibi téèyàn ń gbẹ́sẹ̀ lé á sì máa ha títì ní kọ́nà. Helmet, òfin ni fáwa méjèèjì ní ìpínlẹ̀ yìí. Lẹ́yìn náà la wá fẹnu kò sórí àmì: tó bá fọwọ́ kan itan mi lẹ́ẹ̀kan, kí n dẹwọ́ eré, tó bá gbá mi léjìká lẹ́ẹ̀mejì, ó rí nǹkan tó fẹ́ wò, tó bá fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ lé mi lẹ́yìn, kí n dúró kíá. Kò sì gbọ́dọ̀ gùn tàbí sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé mo mi orí sí i, torí ẹsẹ̀ mi gbọ́dọ̀ ti fìdí múlẹ̀ ná.

Eré tí wọ́n fàyè gbà níbẹ̀ ò ju máìlì 45 ní wákàtí kan lọ, 35 lèmi ń sá ní ọ̀pọ̀ ibi. Ewé igi ti pọ́n, òmíràn pupa bí osùn, ìkùukùu sì wà nísàlẹ̀ wa. Tánẹ́lì 26 ló wà lójú ọ̀nà náà látòkèdélẹ̀, 25 nínú ẹ̀ wà ní North Carolina, ẹ yọ dígí oòrùn kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́ torí òkùnkùn ibẹ̀ máa ń ká èèyàn mọ́ lójijì.

Lẹ́yìn Mount Pisgah ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ yíwọ́. Àwọn kọ́nà kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé wọ́n fẹ̀ lẹ́nu ṣùgbọ́n bó o ṣe ń wọnú ẹ̀ ló ń fún mọ́ ẹ. Mo tẹ bike sí ọ̀tún, ẹ̀rù ba ìyàwó mi ló bá nàró, bike náà nàró tẹ̀lé e, a sì ń sún lọ síbi ìlà yẹ́lò àárín títì, mọ́tò kan sì ń bọ̀. Mo rọra fi bíréékì ẹ̀yìn mú un, a ráyè, mọ́tò yẹn kọjá. Àyà mi já gidi, torí ìyá àwọn ọmọ mi ló wà lẹ́yìn mi yẹn.

Mo yà síbi tí wọ́n ti ń dúró wo òkè, mo paná. Mi ò bínú sí i. Ó ní, "Ó ṣe mí bíi pé a ti fẹ́ ṣubú ni." Òótọ́ ló sọ, bó ṣe máa ń rí lára ẹni tí ò di ìdarí mú nìyẹn. Mo ní kó má ronú nípa títẹ̀ mọ́ rárá, tá a bá ń lọ sọ́tùn-ún kó kàn máa wo ọ̀nà láti orí èjìká ọ̀tún mi, tó bá jẹ́ òsì, èjìká òsì, kó fi orúnkún fún mi pọ̀, ara á ṣe ìyókù fúnra ẹ̀. Èmi náà ṣàtúnṣe: gbogbo bíréékì mi, kí n tó dé kọ́nà ni, kì í ṣe nínú ẹ̀, tá a bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, jíà kejì ni kí ẹ́ńjìnnì máa fi dì wá mú.

Látìgbà yẹn ló ti yàtọ̀. Ìgbà tá a fi máa dé Richland Balsam, tó jẹ́ ibi tó ga jù lórí ọ̀nà náà, ẹsẹ̀ bàtà 6,053, mi ò mọ̀ ọ́n lára mọ́ ní kọ́nà. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, ẹ gbé súwẹ́tà dání bí ìsàlẹ̀ bá tiẹ̀ ń móoru.

Ìrọ̀lẹ́ la dé Cherokee, a ṣẹ́rí díẹ̀ sápá Oconaluftee. Ó gbá mi léjìká lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ò tíì rí nǹkan kan. Àwọn elk ló rí, ẹran bí àgbọ̀nrín ńlá, wọ́n ń jẹko nínú pápá, akọ kan sì ń ké láàárín wọn. Mo paná bike, mo mi orí sí i, ó sọ̀ kalẹ̀, a sì dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.