Igi Tó Wà Lẹ́yìnkùlé Tí Ẹ Fẹ́ Fẹ Ilé Sí

Iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe ní Peckham, ní London. Kí n tó gbówó iṣẹ́, mo máa ń béèrè: ṣé igi wà lẹ́yìnkùlé yín, tàbí ní ti aládùúgbò? Ẹ bi káńsù kí ẹ tó mú ayùn. Bí àṣẹ ìdáàbòbò bá wà lórí igi, ẹ ò gbọdọ̀ gé ẹ̀ka rẹ̀ láìgbàṣẹ. Ìtanràn rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ẹ wá wọn ìbú ìtì igi náà ní mítà 1.5 sókè ilẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 12. Iye yẹn ni ààyè tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ fún gbòǹgbò rẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 ń fẹ́ mítà 4.8 láti ìdí igi, ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ẹ sọ ọgbà tó le yí ààyè náà ká kí katakata tó wọlé. Okùn lásán ò tó, àwọn ọmọ iṣẹ́ á kàn fò ó ni. Ẹ má kó yanrìn síbẹ̀, ẹ má po kọnkéré níbẹ̀, ẹ má sì da omi sìmẹ́ǹtì tí ẹ fi fọ ṣọ́bìrì síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbòǹgbò ò ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ nísàlẹ̀. Bí katakata bá tẹ ilẹ̀ náà gbagidi, afẹ́fẹ́ àti omi ò ní ráyè wọlé.

Ẹ ya ọgbà yẹn sínú àwòrán tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí káńsù.