Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Etí Ara Yín Dán Burn-in Hẹ́dìfóònù Wò

Àwọn olólùfẹ́ orin kan a máa sọ pé ohùn hẹ́dìfóònù tuntun kì í já gaara àfi bí a bá jẹ́ kí ó máa kọrin fún 40, 100 tàbí 200 wákàtí. Èyí ni wọ́n ń pè ní burn-in. Kò ṣòro fún Yorùbá láti gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́, nítorí onílù a máa sá ìlù sí oòrùn kí awọ rẹ̀ lè le. Ṣùgbọ́n awọ ẹran máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ike tín-ín-rín bí ọ̀rá láílọ́ọ̀nù ni ohun tó ń gbọ̀n nínú ọ̀pọ̀ hẹ́dìfóònù, tí wáyà kíká tó wà láàárín òòfà ń tì í síwá sẹ́yìn. Ìyípadà tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n sábà máa ń rí kò tó èyí tó ń wáyé nígbà tí ènìyàn bá yọ hẹ́dìfóònù lórí, tó sì tún un dé.

Ní tèmi, ohun méjì ló ń yí padà jù: tìmùtìmù etí, tí ooru àti òógùn máa ń mú rọ̀ tí yóò fi lẹ̀ mọ́ orí dáadáa, tí béèsì yóò sì pọ̀ sí i, àti ọpọlọ wa, tí ohùn tuntun náà ń mọ́ lára. Kí ẹ má kàn gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ẹ dán an wò.

Ẹ wá hẹ́dìfóònù méjì tó jẹ́ irú kan náà, tí a kò tíì lò, tí ó sì ń lo wáyà, nítorí àwọn aláìníwáyà máa ń gba àtúnṣe láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó lè yí ohùn wọn padà láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ kọ A sára ọ̀kan, kí ẹ kọ B sára èkejì. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo èyíkéyìí nínú wọn ni ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò àkọ́kọ́, ìgbésẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fi aṣọ dì yín lójú, kí ó ju owó ẹyọ sókè láti mọ èyí tí yóò kàn, kí ó sì fúnra rẹ̀ dé e sí yín lórí. Ẹ lo fóònù kan náà, kí fólúùmù má kúrò lójú kan, nítorí èyí tó bá fi díẹ̀ ròkè ni etí máa ń pè ní dáadáa. Apá orin kúkúrú kan tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti gìtá béèsì ti ń dún pọ̀ dára fún un. Ẹ má lo odindi orin, etí kì í rántí ohùn pẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ A àti B lójú lásán, lẹ́yìn náà ẹ ṣe é ní ìgbà 10, kí ẹ máa sọ nígbà kọ̀ọ̀kan bóyá A ni tàbí B, kí ẹni náà sì máa kọ iye tí ẹ gbà sílẹ̀. Ẹni tó kàn ń méfò lè gba 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú 100 ni. Bí ẹ bá gba 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ yìí, ó jọ pé méjèèjì ti yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ wá. Ẹ lọ pààrọ̀ ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ dá B padà sínú páálí rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí A máa kọrin lórí tábìlì fún 100 wákàtí. Ẹ má dé e sórí, kí tìmùtìmù rẹ̀ má baà rọ̀. Fólúùmù tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ ti tó. Ariwo àpọ̀jù lè mú wáyà inú rẹ̀ gbóná kó sì jó. Ẹ kíyè sí ọjọ́ tí ọjà ṣeé dá padà pẹ̀lú, nítorí òǹtajà tó ní kí ẹ ní sùúrù di 200 wákàtí lè jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá lórí yín. Ẹ tún ìdánwò náà ṣe bí ti àkọ́kọ́. Bí ẹ bá gba 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ báyìí, ó jọ pé burn-in lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Bí ẹ kò bá mọ ìyàtọ̀, ẹ máa dé A sórí lójoojúmọ́ fún oṣù kan, kí ẹ tún ara yín dán wò. Bí ìyàtọ̀ bá wá hàn, ẹ yọ tìmùtìmù méjèèjì kí ẹ fi ti A sára B, kí ẹ sì fi ti B sára A. Bí ohùn náà bá bá tìmùtìmù lọ, òun ló yí padà. Bí ó bá dúró sára A, burn-in lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìgbà tí ojú yín bá là nìkan ni ìyàtọ̀ ń hàn, kò sí lára hẹ́dìfóònù rárá.