Bí ìrora iṣẹ́ abẹ jẹ̀díjẹ̀dí ṣe rọlẹ̀ fún mi

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ jẹ̀díjẹ̀dí fún mi, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ le, àfìgbà tí mo lọ yàgbẹ́ ní ọjọ́ kẹta, haa, àfi bíi pé àfọ́kù ìgò ni mò ń su, mo di ilẹ̀kùn mú, òógùn bò mí, ìyàwó mi ń kanlẹ̀kùn pé ṣé kò sí o.

Àṣìṣe mi ni pé tramadol, oògùn apàrora, nìkan ni mò ń gbé mì, òun gan-an sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ le. Dókítà ní iṣan tó ń pa ẹnu ihò ìdí dé ló ń sún kì, ìyẹn ni ìrora ò ṣe lọ. GTN, ìpara tó ń dẹ iṣan yẹn, ló kọ́kọ́ kọ fún mi, ó ṣiṣẹ́ àmọ́ orí fẹ́ẹ̀ là mí sí méjì, ló bá yí i sí kíríìmù diltiazem 2%, bíńtín bí ẹ̀wà kan, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Lidocaine ní tiẹ̀, kí n tó lọ yàgbẹ́ ni mo máa ń fi í pa á, ibẹ̀ á kú fúngbà díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń ya tàbí ibà dé, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kíríìmù mọ́ nìyẹn.

Mo tún ń jókòó sínú bàsíà omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 15, mò ń mu lactulose, oògùn tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀. Ní bí ọjọ́ kẹwàá, mo jókòó sórí àga láìsí tìmùtìmù.