Bí mo ṣe fi ayò wá ọ̀rẹ́ fún ọmọ mi

Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 15 ní oṣù kìíní, mo pe ọmọ kíláàsì rẹ̀ 12, mo se ìrẹsì, mo sì háyà ẹ̀rọ orin. Orin kìíní ò tíì parí tí ọmọ ti di etí, tó bọ́ sábẹ́ tábìlì ìránṣọ mi. Ibẹ̀ ló wà títí àwọn àlejò fi jẹun tán, tí wọ́n lọ.

Òtísímù ni dókítà kan ní Ìlọrin pè é, ìyẹn kí ọpọlọ èèyàn máa ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ láti kékeré, pàápàá nínú bó ṣe ń bá èèyàn ṣe. Ní àdúgbò wa ní Kábbà, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń pè é. Àwa Ọ̀kún tó jẹ́ pé ìkíni wa ni wọ́n fi sọ wá lórúkọ, ọmọ tó bá kọjá lára àgbà tí kò kí i pé "Ọ̀kún o", ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa bú.

Bàbá kan tí wọ́n ń ta ayò lábẹ́ máńgòrò rẹ̀ ló là mí lójú. Ọmọ mi máa ń dúró síbẹ̀ wò wọ́n. Mo lọ bẹ bàbá pé kí wọ́n má bínú, kì í wojú èèyàn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ta ní ń wojú èèyàn nídìí ayò? Ọpọ́n là ń wò."

Mi ò pe èèyàn 12 mọ́. Méjì péré ni mo wá. Ọ̀kan ni ọmọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ní ADHD, ìyẹn ìṣòro àìlè pọkàn pọ̀ àti àìlè dúró jẹ́ẹ́, tí kì í lè jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìkejì ni ọmọ oníbàárà mi, ọmọbìnrin tí kì í sábà sọ̀rọ̀, àmọ́ tó bá ti dé ṣọ́ọ̀bù, á to òwú mi ní àwọ̀-àwọ̀. Ìyá rẹ̀ ní òun ò mọ orúkọ tí wọ́n ń pe tirẹ̀. Mi ò béèrè mọ́.

Bàbá yá wa ní ọpọ́n kan. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ méjì ṣáájú: Sátidé, aago 4 sí 5:30. Èèyàn 3. Kò sí orin. Ẹni tí ó bá sú lè lọ jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù, ẹnikẹ́ni ò ní bi í léèrè. Mo bẹ aládùúgbò wa kó má tan jẹnẹrétọ̀ kó tó di aago 6.

Síbẹ̀, ohun kan bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì pa tèmi láyò, ó wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe sí ẹni tí wọ́n máa ń pa láyò: "Ọ̀pẹ!" Tèmi dìde, ojú ti le. "Èmi kì í ṣe ọ̀pẹ. Ẹ̀ẹ̀kan péré la tíì ta." Mo fi í sínú ìwé ọ̀sẹ̀ kejì pé eré ni "ọ̀pẹ".

Ní Sátidé kẹta, ọmọ ayò kan dín. Ihò 12, mẹ́rin-mẹ́rin, 48 ló yẹ kó jẹ́, 47 la rí. Ọmọ mi kà á, ó tún un kà, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í mi ara síwá sẹ́yìn. Mo ní kí wọ́n fi òkúta dípò. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ọmọ tí kì í jókòó ti dojú bolẹ̀ sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ọmọbìnrin náà da agolo bọ́tìnnì mi sílẹ̀, ó ń ṣà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá a fún ìṣẹ́jú 25, àfi ìgbà tó jábọ́ láti inú ẹsẹ̀ ṣòkòtò tí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ká sókè. Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, inú ilé ni mo ti gbọ́ ọ.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo ka ohun tí Damian Milton, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ní òtísímù fúnra rẹ̀, kọ ní 2012: pé tọ̀tún-tòsì ni àìgbọ́ra-ẹni-yé yìí, àwa tí a ò ní in náà kì í gbọ́ wọn yé. Mo rántí ẹ̀rọ orin tí mo háyà.

Ìgbà tí kaṣú dé, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì bá bàbá rẹ̀ lọ sóko, kò wá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tèmi jókòó ti ọpọ́n láti aago 4 sí 5:30 ní Sátidé méjèèjì. Nígbà tó padà dé, tèmi ò gbójú sókè.

"O jẹ mí ní ìṣẹ́jú 180."

"Ó dáa," ni ìyẹn fèsì, ó ti ń pín ọmọ ayò sínú ihò. "Ìwọ bẹ̀rẹ̀."